Ẹnu Ọmọ Mi Kọ́ Ni Wọ́n Máa Fi Ta Fùfú

Kí n tó wọ agbolé ọkọ mi, òórùn fùfú kì í rí mi lára rárá. Ìyá tó bí mi náà ń rẹ ẹ̀gẹ́ nínú ìkòkò, òórùn rẹ̀ sì máa ń wà lára aṣọ wa bí òórùn èéfín ṣe ń wà lára ẹni tó ń fi igi dáná. Kò sẹ́ni tó ń yínmú sí i. Fùfú tí wọ́n bá ṣe dáadáa, kíkan ló ń kan, kì í rà. Ìyàtọ̀ wà láàárín kí nǹkan kan àti kí nǹkan rà. Àwọn àgbàlagbà tó mọ ìyàtọ̀ yìí jù mí lọ ni mo bá nílé ọkọ, níṣojú mi náà ni wọ́n sì ti mọ̀-ọ́n-mọ̀ gbàgbé rẹ̀.

Láàárín Ìbà àti Òkókómáíkò ni agbolé náà wà, nígbà tí wọ́n ń la títì ńlá tó lọ sí Àgbádárìgì. Lápá ọ̀tún ilé ni oko ẹ̀gẹ́ wà, títí dé ibi tí ilẹ̀ ti ń rọ̀ tó di àbàtà. Lápá òsì ni àwọn igi àgbọn wà, lábẹ́ wọn sì ni ìkòkò àwọn obìnrin ilé, tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ dé ọrùn kí omi inú wọn lè máa tutù. Obìnrin kọ̀ọ̀kan ló ni tirẹ̀. Àwọn ọkùnrin ló ni oko, àwa la ni ohun tó bá ti inú ìkòkò jáde. A óò bó ẹ̀gẹ́, a óò gé e, a óò fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́. A óò rẹ ẹ́, a óò máa pààrọ̀ omi rẹ̀, títí yóò fi rọ̀ débi pé bí èèyàn bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, yóò tú. Lẹ́yìn náà la óò sẹ́ ẹ, a óò dà á sínú àpò, a óò gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè ro dànù.

Àṣà kan wà nínú agbolé náà tí mi ò bá níbòmíràn. Ẹ̀gẹ́ tó korò wà, bí wọn kò bá sì rẹ ẹ́ tó, ó lè ṣe èèyàn ní jàǹbá. Nítorí náà, kí oníbàárà tó gbé àpò fùfú kankan, obìnrin tó ni ín yóò bu díẹ̀ nínú rẹ̀, yóò rò ó lórí iná níṣojú oníbàárà, yóò sì fi òkèlè kan sẹ́nu ọmọ tó kéré jù nínú ilé. Ìgbà tí ọmọ náà bá gbé e mì tán ni oníbàárà yóò tó tú etí aṣọ rẹ̀. Wọn a ní, "Ẹnu ọmọ ti jẹ́rìí." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí yóò fi ohun búburú sẹ́nu ọmọ ilé rẹ̀ nítorí ọjà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, inú mi dùn. Mo ní àwọn èèyàn wọ̀nyí mọ iyì ọmọ.

Owó wá dé. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ìgbà náà fún ẹni tí kò bá a. Owó epo rọ̀bì dà sí ìgboro Èkó, ó sì ń ṣàn bọ̀ lọ́dọ̀ wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí wọ́n ń là. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ ebè lánàá bẹ̀rẹ̀ sí í ru kọnkéré. Ẹni tí kò ní bàtà lẹ́sẹ̀ ra rédíò kó tó ra bàtà. Ìjọba ń kéde nínú rédíò náà pé kí gbogbo wa padà sóko, àwọn tó ń gbọ́ ọ sì ń jẹ ìrẹsì inú àpò tó wọkọ̀ ojú omi dé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn lébìrà tó ń ṣe títì kò fẹ́ ìrẹsì. Wọ́n ní bí wọ́n bá jẹ ẹ́ láàárọ̀, kó tó dọ̀sán ebi ti dé. Fùfú ni wọ́n ń béèrè, fùfú tó ń dúró nínú. Obìnrin kan láti Ṣágámù, tí gbogbo wa ń pè ní Àlàájà, rí èyí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lọ́rì wá bá wa. Ohun tí ìkòkò wa ń mú jáde kò kún ìdajì ẹ̀yìn lọ́rì náà. Ó ní bí a kò bá lè jẹ́ kó kún, òun yóò gba Ọ̀tọ̀-Àwórì lọ rà á.

Ìyá ọkọ mi ni olórí àwa obìnrin ilé. Òun ló ronú kan kòtò.

Àwọn tó ń ṣe títì ti wa ilẹ̀ pupa lẹ́yìn agbolé lọ, wọ́n sì fi kòtò ńlá sílẹ̀, òjò kún un. Inú rẹ̀ ni àwọn awakọ̀ tipa ti ń fọ ọkọ̀ wọn. Òróró ẹ́ńjìnì a máa dán lójú omi náà, a máa pa àwọ̀ dà bí ọrùn ẹyẹlé. Ẹran ilé ń mu níbẹ̀, àwọn ọmọkùnrin ń wẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń tọ̀ síbẹ̀, wọn a tún máa díje ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ yóò jìnnà jù. Ibẹ̀ ni ìyá ọkọ mi ní ká máa rẹ ẹ̀gẹ́. A óò dà á sínú àpò, a óò so àpò mọ́ igi tí a gún sí etí kòtò, a óò tì í sínú omi. Kò sí fífọ̀, kò sí pípààrọ̀ omi.

"Màmá," ni mo wí, "omi tí wọ́n fi fọ tipa ni."

"Ṣé tipa ọ̀hún ò mọ́ ni?"

Àwọn ìyálé mi bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn, tó máa ń fi ìwé tí mo kà ṣe yẹ̀yẹ́, dá sí i. "Ìyàwó wa onísùkúù, ṣebí a máa gbé e kaná. Àbí wọn ò kọ́ yín ní kíláàsì pé iná ń pa kòkòrò?"

"Wọ́n kọ́ wa. Wọn ò kọ́ wa pé iná ń pa òróró ọkọ̀."

"Tó bá ti lóròóró, ọbẹ̀ ti délẹ̀ nìyẹn."

Ẹ̀rín yẹn ni wọ́n fi gbé àpò àkọ́kọ́ wọ omi.

Ẹ̀gẹ́ inú kòtò kì í tètè rọ̀, bó bá sì rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ a pọ́n bí omi tó rẹ ẹ́. Ta ló máa ra fùfú pupa? Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í bu ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun sínú àpò kí wọ́n tó rì í. Mi ò mọ ẹni tó kọ́ wọn. Ẹ̀gẹ́ náà ń rọ̀ kíákíá, fùfú rẹ̀ sì ń funfun bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá. Bí mo bá sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń sẹ́ ẹ, àwọn òórùn mẹ́ta ni mo máa ń gbọ́, wọn kì í pò pọ̀: ẹ̀gẹ́ tó rà, òróró ọkọ̀, àti ọṣẹ. Ìkẹta yẹn ló máa ń rí mi lára jù, nítorí pé òórùn ohun tó mọ́ ni, wọ́n sì fi bo ìdọ̀tí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ewúrẹ́ kan tó ti sọnù léfòó sáàárín àwọn àpò. Ó ti wú, ikùn rẹ̀ le bí ìlù, awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ sì bọ́ mọ́ ọwọ́ ìyálé mi nígbà tó ń fà á jáde. Eṣinṣin bò wá. Mo yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo bì.

"Ewúrẹ́ ta ni?" ni ẹnì kan béèrè.

"Ewúrẹ́ ẹni tí kò ní wá a mọ́."

Wọ́n jù ú sínú igbó. Mo rò pé wọ́n máa da àwọn àpò yẹn nù, tàbí ó kéré tán kí wọ́n da àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ nù. Ìyá ọkọ mi wo omi, ó wo àpò, ó ní, "Inú omi ló kú sí. Kò kú sínú àpò." Ọ̀rọ̀ parí. Lọ́rì kó o lọ.

Ẹ óò béèrè bí ọmọ ṣe wá ń jẹ́rìí sí irú fùfú yìí. Èyí ni mo kórìíra jù nínú gbogbo rẹ̀. Wọn kò pa àṣà náà tì. Wọ́n fi ìkòkò kan ṣoṣo sílẹ̀ lábẹ́ igi àgbọn, ìkòkò ìyá ọkọ mi, wọ́n ń fi omi kànga rẹ ẹ̀gẹ́ díẹ̀ sínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é látijọ́. Fùfú inú ìkòkò yìí ni àwa ará ilé ń jẹ. Bí lọ́rì bá sì ti ń bọ̀, wọn a di ìwọ̀n ẹ̀kúnwọ́ méjì nínú rẹ̀ sínú ọ̀rá, wọn a fi sí ẹnu àpò tó wà lókè jù. Àpò yẹn ni wọn yóò tú níwájú Àlàájà, ibẹ̀ ni ọwọ́ yóò wọ̀, òun ni wọn yóò rò. Ọmọ yóò jẹ ti ìkòkò, lọ́rì yóò kó ti kòtò.

Ọmọ mi obìnrin ló kéré jù nínú agbolé lásìkò náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ já geere ni. Wọn a gbé e ka orí àpótí, àwọn ìyálé mi a yí i ká.

"Ọkọ mi, ẹnu dà?"

Yóò la ẹnu. Yóò gbé òkèlè mì. Gbogbo wọn yóò pàtẹ́wọ́, yóò sì máa rẹ́rìn-ín, yóò máa wo ojú kálukú. Ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó débi pé bí mo bá gbé oúnjẹ fún un nínú yàrá wa, kò ní fọwọ́ kàn án, á máa wò mí títí n óò fi pàtẹ́wọ́. Mo máa ń pàtẹ́wọ́ náà kó lè jẹun. Ẹni tí kò tíì lè wẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ di ẹlẹ́rìí èké.

Mo sọ fún bàbá rẹ̀. Wọ́ọ̀fù ní Àpápá ló ti ń ṣiṣẹ́, ìrọ̀lẹ́ ló ń dé. Ó ń bọ́ bàtà rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé ti kòtò lọmọ ń jẹ?" ló béèrè.

"Rárá, ti ìkòkò ni."

"Kí ló wá ń dùn ọ́?"

"Àwọn ọmọ ẹlòmíràn tó ń jẹ ti kòtò ńkọ́?"

"Àwọn náà ní ìyá."

Ó fi bàtà síbi tó máa ń fi í sí, ó béèrè oúnjẹ. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń fọ̀ ọ́, ó fọ̀ ọ́ dáadáa, àárín ìka gbogbo. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé èmi nìkan ni mo máa ṣọ́ ọmọ yìí. N kò lè dá lọ́rì dúró, n kò lè gbọ́n kòtò gbẹ. Ohun kan ṣoṣo ni mo pinnu: fùfú kòtò kò gbọdọ̀ dé ẹnu ọmọ mi. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé e ka orí àpótí, ẹ̀gbẹ́ iná ni mo máa ń wà. Màá fi ìka mú díẹ̀ nínú ìkòkò tí wọ́n fi ń rò ó, màá tọ́ ọ wò, kí n tó jẹ́ kí òkèlè lọ. Wọ́n ní mo ń ṣe ojúkòkòrò. Mo jẹ́ kí wọ́n máa wí.

Ọjọ́ kan wá dé tí lọ́rì sáré dé ṣíwájú ìgbà tí a ń retí rẹ̀. Àlàájà ní àwọn lébìrà ti ń pariwo. Ọjọ́ tó ṣáájú ni ìyá ọkọ mi gba àlejò láti Ọ̀jọ́, àwọn àlejò náà sì ti jẹ gbogbo ohun tó wà nínú ìkòkò tán. Ó yẹ kí wọ́n ní kí Àlàájà dúró. Ó yẹ kí wọ́n wí àwáwí kan. Ìyá ọkọ mi tú ẹnu àpò tó wà lókè jù, kò wo ojú ẹnikẹ́ni, ó bu fùfú kòtò, ó gbé e kaná.

Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ìfófòó funfun sì ń yọ létí rẹ̀ bíi ti aṣọ tí wọ́n ń sè. Òórùn ọṣẹ gba gbogbo àgbàlá. Kò sẹ́ni tí imú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tí kò gbọ́ ọ. Ọmọ mi ti jókòó sórí àpótí, ó ti la ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, ó ń retí àtẹ́wọ́.

Ìyá ọkọ mi bu òkèlè, ó ń fẹ́ ẹ kó lè tutù. Mo dúró sáàárín òun àti ọmọ.

"Màmá, kò ní jẹ ẹ́."

"Ta ni kò ní jẹ ẹ́?"

"Ọmọ mi."

"Ọmọ rẹ? Ṣé ilé bàbá rẹ lo ti gbé e wá síbí ni?" Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyàwó, má dójú tì wá níwájú àlejò. Òkèlè kan péré ni. Bó bá tiẹ̀ fẹ́, kó pọ̀ ọ́ dànù tí wọ́n bá lọ tán."

"Ẹ jẹ ẹ́, mà. Ẹ̀yin náà lẹ́nu."

"Háà!" ni ìyálé mi tó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ké. "Ẹ gbọ́ ohun tí ìyàwó ń wí fún ìyá ọkọ ẹ̀! Ìwé ti yí i lórí."

"Ẹ̀yin náà, ẹ jẹ ẹ́, mà," ni mo wí fún un. "Gbogbo yín tí ẹ máa ń pàtẹ́wọ́, ẹ mú lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí Àlàájà rí i."

Kò sẹ́ni tó mú. Ìyá ọkọ mi wo òkèlè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó pẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá rí ohun tí ológbò gbé wọlé. Mo rò pé mo ti tú àṣírí wọn, pé Àlàájà máa fi ìbínú yí lọ́rì rẹ̀ padà, pé ebi ni ohun tí mo fà sílé ọkọ mi. Mo ti gbà bẹ́ẹ̀. Kí ebi pa wá.

Ẹ̀rín ni Àlàájà bú sí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìgbànú rẹ̀ mú.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí! Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ̀ ni? Ṣé imú mi kú ni? Láti ìgbà tí fùfú yín ti ń funfun bí aṣọ ìgbéyàwó ni mo ti mọ̀. Mo ní ẹ̀yin lẹ fẹ́ràn eré ọmọ lórí àpótí, mi ò fẹ́ bà á jẹ́ fún yín." Ó yíjú sí awakọ̀. "Máa kó o sókè, jàre. Ọ̀sán ti pọ́n."

"Àlàájà," ni mo wí, "àwọn tó máa jẹ ẹ́ ńkọ́?"

"Wọ́n lágbára, ìyàwó. Àwọn tó ń fọ́ òkúta, ọṣẹ lásán ló máa pa wọ́n?"

"Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ lè jẹ ẹ́?"

"Èmi?" Ó fi etí gèlè rẹ̀ nu ojú. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Iyán ni mò ń jẹ nílé mi."

Wọ́n kó gbogbo àpò náà. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, ó ń nawọ́ sí òkèlè tí ìyá ọkọ mi ti sọ sínú iná. Ó ń fẹ́ ẹ ni. Ó ń bi mí pé kí ló dé tí wọn kò pàtẹ́wọ́ fún òun. Mo gbé e wọlé, ó gbá mi lójú, ó gé mi jẹ ní ejìká. Mo fi omi fọ ẹnu rẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan kan kò kàn án.

Mo ti fọkàn sí i pé ojú máa tì wọ́n. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ara tù wọ́n. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún gbé ọmọ kankan ka orí àpótí mọ́, nítorí pé oníbàárà fúnra rẹ̀ ti sọ pé òun kò nílò rẹ̀. Wàhálà ti dín kù. Wọ́n yọ ìkòkò tó kù lábẹ́ igi àgbọn, wọ́n fi ń bu omi fún àgùntàn. Ìyálé mi tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ìyàwó, o gbà wá lọ́wọ́ iṣẹ́." Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dúpẹ́ tọkàntọkàn ni, ìyẹn gan-an ni mi ò lè gbé mì.

Wọ́n fi owó wọn ra ìrẹsì fún ilé. Agbolé tó ń kó fùfú kún lọ́rì fún Èkó kò jẹ fùfú mọ́. Mi ò gbọ́ pé ó pa ẹnikẹ́ni. Bóyá ó pa, bóyá kò pa, àwọn tó ń jẹ ẹ́ kò mọ ilé wa, bí títì sì ṣe ń gùn sí i ni wọ́n ń jìnnà sí wa.

Èmi kọ ebè díẹ̀ sẹ́yìn yàrá mi. Mo ra ìkòkò tuntun ní ọjà Ọ̀jọ́, mo fi ìdérí igi bò ó, mo gbé òkúta lé ìdérí náà. Omi kànga ni mo fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ mi, èmi ni mò ń fà á, èmi ni mò ń pààrọ̀ rẹ̀. Ìyá ọkọ mi kì í dáhùn ìkíni mi. Bí mo bá kúnlẹ̀ láàárọ̀, á gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá.

Nígbà tí ẹ̀gẹ́ mi àkọ́kọ́ rọ̀, mo rò ó, mo sì gbé e kalẹ̀ fún ọmọ mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti ń kọ́ ọ láti máa jẹun láìsí àtẹ́wọ́. Ó ń jẹ ẹ́, ó ń wolẹ̀. Òjìji kan bò wá. Ìyá ọkọ mi ló dúró níbẹ̀, ó mú abọ́ dání, ọbẹ̀ ti wà nínú rẹ̀.

"Fún mi ní díẹ̀," ló wí. Kò pè mí ní ìyàwó, kò pè mí ní ohunkóhun. "Ìrẹsì ti sú mi."

Mo bù ú fún un, mo bù ú kó pọ̀. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, ó jẹ ẹ́ tán, ó fi ìka nu abọ́, ó pọ́n ìka lá. Ó ní ó dára. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ nínú omi tí mo gbé fún un.

Ìró lọ́rì dún lẹ́yìn ilé. Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì jáde lọ láti sọ fún awakọ̀ pé kó máa fi ẹ̀yìn bọ̀, àwọn àpò ti wà létí kòtò.